Pọ́n-na Nínú Ìwé Àlàkalẹ̀ Ètò Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Bí Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ṣe Di Ohun Tó Ń Ṣáájú Iṣẹ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpa ìtàn bí àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ṣe kọ́ láti yẹ ọ̀rọ̀ inú ìwé àlàkalẹ̀ wò fún pọ́n-na kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó mú ìtàn náà láti orí àpérò Garmisch ní ọdún 1968, ó gba orí iṣẹ́ Naur, Fagan, Parnas àti Meyer kọjá, ó sì dé orí ọkọ̀ Mars Polar Lander tó ṣègbé ní ọdún 1999. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé pọ́n-na tó léwu jù kì í ṣe èyí tí òǹkàwé rí tó sì bi ènìyàn léèrè. Èyí tó léwu jù ni èyí tí òǹkàwé ti yanjú nínú ọkàn rẹ̀ láìmọ̀ pé òun yanjú ohunkóhun. Ní ìparí, iṣẹ́ náà tọ́ka sí ohun tí ìtàn yìí lè kọ́ olùkọ́ èdè Yorùbá.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Òwe yìí fi ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà láàrin asọ̀rọ̀ àti olùgbọ́ hàn: asọ̀rọ̀ kò sọ tán, olùgbọ́ sì fi làákàyè àti ìmọ̀ àṣà parí ohun tó kù. Láàrin àwọn tó jọ dàgbà, tí wọ́n sì jọ mọ ohun kan náà, ọ̀nà yìí kì í sábà kùnà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ àṣẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fi ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, tí kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ gbogbo ohun tí ẹnì kejì mọ̀, àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà lè di odindi méjì tàbí mẹ́ta tí kò bára wọn mu.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń wà nínú ìwé àlàkalẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n tó ṣe ètò kan, yálà fún ilé ìfowópamọ́, ilé ìwòsàn tàbí bàlúù, ẹni tó fẹ́ ètò náà àti àwọn tí yóò ṣe é máa ń kọ́kọ́ kọ ohun tí ètò náà gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀. Ìwé yìí ni iṣẹ́ yìí pè ní ìwé àlàkalẹ̀. Èdè tí ènìyàn ń sọ lójoojúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́, nítorí pé òun nìkan ni gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lè kà. Ènìyàn ló ń ka ìwé náà, òun ló sì ń sọ ọ́ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Ibi ìtumọ̀ yìí ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ ti ń di odindi, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

2.0 Irú Pọ́n-na Tó Wà Nínú Àlàkalẹ̀

Nínú ẹ̀kọ́ èdè, gbólóhùn pọ́n-na ni gbólóhùn tó ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fa á, ó sì lè jẹ́ bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ pọ̀. Bí àpẹẹrẹ, bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ń fẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa tọ́jú orúkọ, ó lè kọ gbólóhùn méjì yìí sínú àlàkalẹ̀ rẹ̀:

(i) Ètò náà gbọ́dọ̀ fi orúkọ àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ti san owó hàn.
(ii) Ètò náà gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí òbí bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pa iléèwé jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ní (i), kò dájú bóyá “tó ti san owó” yan akẹ́kọ̀ọ́ nìkan tàbí ó yan olùkọ́ pẹ̀lú. Ní (ii), ọjọ́ mẹ́ta lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lápapọ̀ láàrin sáà kan. Olùkọ́ kíláàsì tó kọ gbólóhùn kejì mọ èyí tó ní lọ́kàn. Ẹni tó ń kọ ètò náà, tí kò kọ́ni rí, yóò mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí àwọn méjèèjì bá tún ka gbólóhùn náà pọ̀, wọn yóò fẹnu kò pé ó yé àwọn dáadáa. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, nítorí ó yé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé ọwọ́ òbí tí kò yẹ kó dé ni wọ́n tó máa mọ̀ pé ohun tó yé wọn yàtọ̀ síra.

Àpẹẹrẹ yìí fi ìdí ìṣòro náà hàn. Àṣìṣe àkọtọ́ máa ń hàn sí ẹni tó bá ka ìwé. Pọ́n-na kì í hàn bẹ́ẹ̀, nítorí ọkàn òǹkàwé máa ń mú ìtumọ̀ kan kí ó tó mọ̀ pé òmíràn wà. Bí ẹ̀kọ́ yìí ṣe wọ àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà lọ́kàn ni ìpín tó tẹ̀ lé e yóò sọ.

3.0 Àpérò Garmisch, 1968

Láti ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wàrà (Oṣù Kẹwàá) ọdún 1968, nǹkan bí àádọ́ta onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè 11 pàdé ní ìlú Garmisch ní Jámánì. Ìgbìmọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti àjọ NATO ló pe àpérò náà, Friedrich Bauer ni alága rẹ̀, Peter Naur ará Dẹ́ńmáàkì àti Brian Randell ará Bìrìtìkó sì ni olóòtú ìròyìn rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1969. Ohun tó kó wọn jọ ni pé ètò kọ̀ǹpútà tí ń tóbi sí i lọ́dọọdún, iṣẹ́ náà ń pẹ́ ju àdéhùn lọ, owó rẹ̀ ń ga, ohun tó sì ń jáde ní ìparí kì í sábà jẹ́ ohun tí ẹni tó san owó ní lọ́kàn.

Ní àkókò náà, ojú tí ọ̀pọ̀ fi ń wo ìṣòro yìí ni pé inú ètò ni àṣìṣe wà. Ìdáhùn tí wọ́n kọ́kọ́ wá ni ọ̀nà tó dára jù láti kọ ètò àti láti fi ẹ̀rí hàn pé ètò náà tọ̀nà. Èrò yìí wúlò, ṣùgbọ́n ó gba ohun kan gbọ́ láìsọ ọ́: pé àlàkalẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi wọn ètò náà ti tọ̀nà ná. Àpẹẹrẹ kan tí Naur fúnra rẹ̀ gbé jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e ló wá tú àṣírí èrò yìí.

4.0 Àlàkalẹ̀ Kékeré Kan àti Ọdún Mẹ́rìndínlógún (1969–1985)

Ní ọdún 1969, Naur kọ àpilẹ̀kọ kan sínú jọ́nà BIT láti fi ọ̀nà ìkọ̀wé-ètò tirẹ̀ hàn. Àpẹẹrẹ tó lò kò le rárá. Ètò náà yóò gba ọ̀rọ̀ tí àlàfo tàbí àmì ìlà tuntun pín níyà, yóò sì tò wọ́n sí ìlà ìlà. Òfin mẹ́ta ló so mọ́ ọn: ibi tí àlàfo tàbí àmì ìlà tuntun bá wà nìkan ni ìlà ti lè gé, ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kún dé ibi tó bá lè kún dé, kò sì sí ìlà tó gbọdọ̀ ní ju iye lẹ́tà kan pàtó lọ. Gbólóhùn mélòó kan péré ni gbogbo àlàkalẹ̀ náà. Naur kọ ètò náà, ó sì ṣe àlàyé tó fi hàn pé ó tọ̀nà.

Ní ọdún 1970, Leavenworth tó ṣe àtúnyẹ̀wò àpilẹ̀kọ náà rí i pé àlàfo kan yóò ṣáájú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ní ìlà àkọ́kọ́, àfi bí gígùn ọ̀rọ̀ náà bá ṣe déédéé pẹ̀lú òdiwọ̀n ìlà. Ní ọdún 1971, Ralph London rí àṣìṣe mìíràn, ó tún ètò náà ṣe, ó sì fi ẹ̀rí tirẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ní ọdún 1975, John Goodenough àti Susan Gerhart fi hàn pé àwọn àṣìṣe kan ṣì wà tí ẹ̀rí London kò gbá mú. Ètò kékeré tí onímọ̀ ti fi ẹ̀rí gbè lẹ́ẹ̀mejì kò tíì bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe.

Ohun tó ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ Goodenough àti Gerhart ni pé wọ́n yí ojú padà láti orí ètò sí orí àlàkalẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka òfin mẹ́ta Naur yóò rí ìbéèrè tí wọn kò dáhùn. Bí àlàfo méjì tàbí mẹ́ta bá tẹ̀ léra, ṣé ọ̀kan ni tàbí mẹ́ta? Bí ọ̀rọ̀ kan bá gùn ju òdiwọ̀n ìlà lọ, kí ni ètò yóò ṣe? Kí ni àmì pé ọ̀rọ̀ ti parí? Àwọn onímọ̀ méjì náà kọ àlàkalẹ̀ tuntun tó gùn ju ti Naur lọ dáadáa, wọ́n sì gbìyànjú láti dí gbogbo àlàfo wọ̀nyí.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1985, Bertrand Meyer gbé àlàkalẹ̀ tuntun náà yẹ̀ wò nínú jọ́nà IEEE Software. Ó fi ẹ̀ṣẹ̀ méje hàn tí àlàkalẹ̀ tí wọ́n fi èdè ojoojúmọ́ kọ máa ń dá: ariwo, èyí ni ọ̀rọ̀ tí kò fi ìmọ̀ kankan kún ìmọ̀, ìdákẹ́, níbi tó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀, sísọ ju bó ṣe yẹ lọ, ìtakora, pọ́n-na, lílo ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣàlàyé rẹ̀, àti ìrètí asán, ìyẹn bíbéèrè ohun tí kò sí bí wọn yóò ṣe mọ̀ bóyá ètò ti ṣe é. Ó sì fi hàn pé púpọ̀ nínú wọn ló wà nínú àlàkalẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀ràn fi ìṣọ́ra kọ láti fi tún ti ẹlòmíràn ṣe.

Ìmọ̀ràn Meyer ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi àmì ìṣirò kọ àlàkalẹ̀ náà, kí wọ́n sì padà láti inú ìṣirò wá kọ ọ́ ní èdè ojoojúmọ́. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ìṣirò máa ń fi agbára mú ẹni tó ń kọ̀wé láti dáhùn ìbéèrè tí èdè gbà á láyè láti fò. Láti ọdún 1969 sí 1985, ọdún mẹ́rìndínlógún ni àlàkalẹ̀ kékeré yìí fi wà lójú ọpọ́n. Bí gbólóhùn mélòó kan bá lè rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà, kò sí àní-àní nípa ohun tí yóò wà nínú ìwé olójú-ewé ẹgbẹ̀rún.

5.0 Kíkà Láti Ẹnu Ẹlòmíràn

Bí àríyànjiyàn yìí ti ń lọ láàrin àwọn onímọ̀, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń wá ọ̀nà tí kò nílò ìṣirò. Ní ọdún 1976, Michael Fagan ti ilé iṣẹ́ IBM tẹ ọ̀nà àyẹ̀wò kan jáde. Àwọn ènìyàn díẹ̀ yóò jókòó, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojúṣe tirẹ̀, wọn yóò sì gba inú ìwé kọjá ní ìpín ìpín. Kì í ṣe ẹni tó kọ ìwé ló ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ìjókòó. Ẹni tí yóò fi ìwé náà ṣiṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń ní kó sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀, kó sọ bí òun yóò ṣe ṣe é. Bí ohun tó sọ bá yàtọ̀ sí ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn, ìyàtọ̀ náà bọ́ sí gbangba lójú gbogbo ìjókòó. Àwòrán ètò àti ètò fúnra rẹ̀ ni Fagan kọ́kọ́ lo ọ̀nà yìí fún. Nígbà tó yá, wọ́n mú un dé orí ìwé àlàkalẹ̀.

Ọdún 1976 yìí kan náà ni Bell àti Thayer ti ilé iṣẹ́ TRW ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí àléébù inú ìwé àlàkalẹ̀. Wọ́n fi hàn pé àléébù náà pọ̀, pé irú kan náà ń padà wá, àti pé ètò kékeré kò bọ́ nínú rẹ̀ bí ètò ńlá kò ṣe bọ́. Barry Boehm, tí òun náà wà ní TRW, wá fi owó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1981. Nínú iṣẹ́ ńlá, àtúnṣe àṣìṣe tí wọ́n rí lẹ́yìn tí ètò ti dé ọwọ́ oníbàárà lè náni tó ìlọ́po 100 ohun tí ì bá náni nígbà tó wà nínú ìwé àlàkalẹ̀. Ní ọdún 2001, Boehm àti Victor Basili fi kún un pé nínú iṣẹ́ kékeré, ìlọ́po márùn-ún ni ó sún mọ́ jù. Iye náà kì í ṣe ọ̀kan náà ní ibi gbogbo, àwọn kan sì ti jiyàn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wà nínú ìwé, gbólóhùn kan ni àtúnṣe. Bí wọ́n bá ti kọ́ ètò lé e lórí, tí wọ́n kọ ìwé ìlò, tí wọ́n sì ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní bí wọn yóò ṣe lò ó, gbogbo wọn ni àtúnṣe náà yóò kàn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ọ̀nà kẹta wá láti ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1978, Kathryn Heninger, David Parnas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn parí ìwé àlàkalẹ̀ tuntun fún ètò tó ti wà nínú bàlúù ogun A-7E. Dípò ìpínrọ̀ gígùn, àtẹ ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀: ipò tí bàlúù wà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ohun tó ṣẹlẹ̀ wà ní òmíràn, ohun tí ètò gbọ́dọ̀ ṣe sì wà níbi tí méjèèjì ti pàdé. Wọ́n fi àmì pàtó sára orúkọ kọ̀ọ̀kan, tó bẹ́ẹ̀ tí òǹkàwé fi lè mọ̀ bóyá ohun tó ń wọlé sí kọ̀ǹpútà ni tàbí ohun tó ń jáde. Ojú àtẹ tó ṣófo kò ṣe é fi pamọ́ bí ìdákẹ́ inú ìpínrọ̀. Awakọ̀ bàlúù tí kò mọ ètò kíkọ lè ka àtẹ náà, kó sì sọ pé bàlúù òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe púpọ̀ ni irú àwọn òǹkàwé bẹ́ẹ̀ tọ́ka sí.

6.0 Dídíwọ̀n Pọ́n-na: Gause àti Weinberg, 1989

Ọ̀nà mẹ́ta wọ̀nyí ran àyẹ̀wò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣẹ́ kù: báwo ni ẹgbẹ́ kan yóò ṣe mọ̀ pé pọ́n-na wà nínú gbólóhùn tó yé gbogbo wọn? Donald Gause àti Gerald Weinberg dá a lóhùn nínú ìwé wọn ti ọdún 1989 tó dá lórí àlàkalẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n fún ènìyàn mélòó kan ní àlàkalẹ̀ kan náà, kí wọ́n sì bi wọ́n ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ iye, bíi iye owó tàbí iye ọjọ́ tí iṣẹ́ náà yóò gbà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò kọ ìdáhùn tirẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí iye wọn bá sún mọ́ra, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní ohun kan náà lọ́kàn. Bí ẹnì kan bá sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì, tí òmíràn sọ pé ọdún méjì, kì í ṣe iṣẹ́ kan náà ni wọ́n kà. Ẹni tó sọ iye tó kéré jù àti ẹni tó sọ èyí tó ga jù ni wọn yóò kọ́kọ́ bi léèrè ohun tí wọ́n rò.

Ìyàtọ̀ ìdáhùn yìí ni wọ́n fi díwọ̀n pọ́n-na. Òṣùwọ̀n náà kò sí nínú gbólóhùn nìkan. Ó wà láàrin gbólóhùn àti àwọn tó ń kà á. Ní ọdún 2006, Francis Chantree, Bashar Nuseibeh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Open University ní Bìrìtìkó tẹ èrò tó jọ èyí jáde. Wọ́n pín pọ́n-na sí èyí tó ń pani lára àti èyí tí kì í pani lára. Bí gbólóhùn bá ní ìtumọ̀ méjì lójú onímọ̀ gírámà, ṣùgbọ́n tí gbogbo òǹkàwé mú ọ̀kan náà, kò séwu. Èyí tó léwu ni èyí tí àwọn òǹkàwé pín sí méjì lórí rẹ̀, tí olúkúlùkù sì rò pé gbogbo ayé wà lẹ́yìn òun.

7.0 Mars Polar Lander, 1999

Ohun tí àìyẹ̀wò lè fà hàn gbangba nínú ìtàn ọkọ̀ kan tí Amẹ́ríkà rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars. Ọjọ́ 3 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1999 ni Mars Polar Lander gbéra. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà, ó wọ inú afẹ́fẹ́ Mars láti balẹ̀ nítòsí ìkangun gúúsù pílánẹ́ẹ̀tì náà. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ilé iṣẹ́ JPL ní California gbé kalẹ̀ jábọ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2000. Ọkọ̀ náà kò ní ohun tó lè sọ ìtàn ìbalẹ̀ rẹ̀ fún ayé, nítorí náà ohun tó ṣeé ṣe jù lọ ni ìgbìmọ̀ sọ. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ náà ní. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí yóò fi àmì ránṣẹ́ bí ẹsẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Àwọn ẹsẹ̀ náà yóò na jáde nígbà tí ọkọ̀ bá ṣì wà ní nǹkan bí mítà 1,500 sókè. Bí wọ́n bá ti ń na, wọ́n lè gbọ̀n, ẹ̀rọ náà sì lè fi àmì èké ránṣẹ́. Àwọn kan nínú àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ nípa èyí.

Àlàkalẹ̀ ọkọ̀ náà lápapọ̀ sọ pé kí kọ̀ǹpútà máa yẹ àwọn ẹ̀rọ náà wò ṣáájú, ṣùgbọ́n kó má lo àmì wọn títí ọkọ̀ yóò fi sún mọ́ ilẹ̀. Kò sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, kò sì dárúkọ àmì èké náà. Bí wọ́n ti mú òfin yìí wọ inú àlàkalẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ nípa àmì èké kò sí níbẹ̀ rárá. Ètò tí wọ́n kọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àmì láti òkè, ó sì ń rántí ohun tó kà. Ní mítà 40 sí ilẹ̀, nígbà tó tó àsìkò láti lo àmì, àmì èké tó ti wà nípamọ́ láti mítà 1,500 ló ṣeé ṣe kó lò. Lójú kọ̀ǹpútà, ọkọ̀ ti balẹ̀, ó sì pa ẹ́ńjìnnì. Ìṣirò ìgbìmọ̀ ni pé ọkọ̀ náà yóò já lu ilẹ̀ pẹ̀lú ìyára nǹkan bí mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ ni “lò”. Ẹni tó mọ̀ pé àmì èké lè wá yóò gbà pé àmì tó wọlé ṣáájú kò gbọdọ̀ nípa lórí ohunkóhun lẹ́yìnwá. Ẹni tí kò mọ̀ yóò gbà pé bí kọ̀ǹpútà kò bá ti pa ẹ́ńjìnnì lórí àmì náà, kò tíì lò ó. Fífi í pamọ́ kì í ṣe lílò. Ìtumọ̀ méjèèjì bá gbólóhùn mu. Ọmọlúàbí tó gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà sọ ọ́ di odindi bí ìmọ̀ rẹ̀ ṣe tó.

Ìdánwò ìkẹyìn pàápàá kò gbà wọ́n là. Nígbà tí wọ́n dán nínà ẹsẹ̀ wò lórí ilẹ̀, wáyà àwọn ẹ̀rọ náà kò wà ní ipò tó yẹ, nítorí náà àmì èké kò hàn. Wọ́n tún wáyà náà ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò tún ìdánwò yẹn ṣe. Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ láti gbójú lé ìdánwò nìkan: ìdánwò ń wá ohun tí ẹni tó ṣètò rẹ̀ ti rò tẹ́lẹ̀. Gbólóhùn kan péré nínú àlàkalẹ̀, tó sọ pé ẹsẹ̀ lè fi àmì èké ránṣẹ́ nígbà tó bá ń na, pé kí ètò sì pa àmì bẹ́ẹ̀ rẹ́, ì bá ti tó.

8.0 Fífi Òdiwọ̀n Sí Ọ̀rọ̀

Láàrin ọdún wọ̀nyí, àwọn àjọ ti ń gbìyànjú láti fi òfin de èdè àlàkalẹ̀. Ìlànà IEEE 830 tó jáde ní ọdún 1984 sọ pé àlàkalẹ̀ rere kò gbọdọ̀ ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Wọ́n tún un ṣe ní 1993 àti 1998, ìlànà 29148 ti ọdún 2011 sì gba ipò rẹ̀. Ọdún 2018 ni wọ́n tún ṣe àtúnṣe sí èyí náà. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1997, Scott Bradner kọ ìwé RFC 2119 fún àwọn tó ń ṣètò ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ìwé kékeré náà ni láti ya ọ̀rọ̀ àṣẹ sọ́tọ̀ síra, bí Yorùbá ṣe ya “gbọ́dọ̀”, “yẹ kí” àti “lè” sọ́tọ̀: èkíní kò ní àyè, èkejì gba àwáwí tó bá nídìí, ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é.

Ọdún 1997 yìí náà ni William Wilson, Linda Rosenberg àti Lawrence Hyatt ti NASA tẹ iṣẹ́ jáde lórí ètò kan tí wọ́n pè ní ARM, tó ń ka ìwé àlàkalẹ̀ láti wá ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, irú bíi “bó bá ṣe yẹ” tàbí “tó pọ̀ tó”. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wúlò, nítorí kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣojúsàájú. Ṣùgbọ́n ìtàn Mars Polar Lander fi ààlà rẹ̀ hàn: ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé ni ẹ̀rọ lè kà, ohun tí wọn kò kọ kò sí níbẹ̀ fún un láti rí.

Ní ọdún 2009, Alistair Mavin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Rolls-Royce gbé ọ̀nà EARS jáde. Wọ́n fi oríṣi gbólóhùn díẹ̀ dí àyè ìkọ̀wé: ohun tí ètò ń ṣe nígbà gbogbo, ohun tó ń ṣe nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ohun tó ń ṣe níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà ní ipò kan, ohun tó ń ṣe bí ohun tí kò yẹ bá ṣẹlẹ̀, àti ohun tó kan kìkì ọjà tó bá ní ẹ̀yà kan. Àǹfààní pàtàkì rẹ̀ wà nínú oríṣi kẹrin: ó ń rán òǹkọ̀wé létí láti béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí nǹkan bá yí padà sódì. Láti bí ọdún 2022 tí àwọn ẹ̀rọ èdè ńláńlá ti gbòde, àwọn onímọ̀ ń dán wọn wò fún àyẹ̀wò yìí pẹ̀lú. Ipò òǹkàwé kan sí i ni ó yẹ wọ́n. Wọn kò lè dípò ẹni tó mọ bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n.

9.0 Ohun Tó Kan Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Bí ọjọ́ bá dé tí àwọn ilé iṣẹ́ yóò máa kọ àlàkalẹ̀ ní èdè Yorùbá, olùkọ́ èdè ni wọn yóò kọ́kọ́ wá bá. Èdè náà ní agbára tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé “Bísí sọ fún Ṣadé pé òun ti yege”, kò sí iyèméjì pé Bísí ló yege, nítorí òun àti ó kì í ṣe ọ̀kan náà; èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí pọ́n-na ti ń sá pamọ́ sí pẹ̀lú. “Igba” láìsí àmì ohùn lè jẹ́ iye, lè jẹ́ àkókò, lè jẹ́ ohun èlò. “Nígbà tí” lè tọ́ka sí ìṣẹ́jú tí nǹkan bẹ̀rẹ̀, ó sì lè tọ́ka sí gbogbo àkókò tó fi ń lọ. Ẹni tó fẹ́ lo ọ̀nà EARS ní Yorùbá yóò ní láti ya “ní kété tí” sọ́tọ̀ kúrò lára “níwọ̀n ìgbà tí”. Bákan náà ni “Bí ọ̀gá àgbà àti akọ̀wé bá ti ka ìwé náà, kí wọ́n fọwọ́ sí i” fi ìbéèrè sílẹ̀: ṣé ẹni méjì ni wọ́n, tàbí ọ̀gá àgbà nìkan, tí wọ́n fi ọ̀wọ̀ pè bẹ́ẹ̀?

Kò dìgbà tí ọjọ́ náà bá dé kí ẹ̀kọ́ yìí tó wúlò. Ìbéèrè ìdánwò jẹ́ àlàkalẹ̀: olùkọ́ kọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣiṣẹ́, kò sì sí àyè láti béèrè nínú gbọ̀ngàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mú ìtumọ̀ kejì yóò pàdánù máàkì fún àṣìṣe tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀nà Gause àti Weinberg kò náni ní nǹkan kan: kí olùkọ́ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ní ìbéèrè náà ṣáájú, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó rò pé wọ́n ń béèrè láìfọ̀rọ̀ wérọ̀, kí wọ́n sì fi wọ́n wéra. Nínú kíláàsì, iṣẹ́ kan náà lè gbé ẹ̀kọ́ pọ́n-na kúrò ní àpẹẹrẹ inú ìwé, kó sì di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí.

10.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àádọ́ta ọdún ni ó gbà kí àyẹ̀wò pọ́n-na tó rìn láti Garmisch dé ibi tó dé ní ọdún 2018. Wọ́n kọ́kọ́ wá àṣìṣe nínú ètò. Àlàkalẹ̀ Naur kọ́ wọn láti wá a nínú ọ̀rọ̀. Fagan, Heninger, Parnas, Gause àti Weinberg sì kọ́ wọn láti wá a láàrin òǹkàwé kan àti òmíràn. Ìṣirò, àtẹ, ìjókòó àyẹ̀wò àti ẹ̀rọ ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n ohun kan ló so gbogbo wọn pọ̀: wọn kò jẹ́ kí òǹkọ̀wé dá jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Òwe àwọn àgbà ṣì dúró láàrin ọmọlúàbí méjì tó mọ ara wọn. Ní ti ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fi ṣiṣẹ́, odindi ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n kọ, kí wọ́n sì ní kí ẹlòmíràn kà á padà sí wọn létí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan iṣẹ́.